Ìgò Wúrà Orí Òrùlé

Ewé àgbàdo Dúróoríikẹ́ ti ń pọ́n nítorí àìrí ajílẹ̀. Ó gun òrùlé lọ wo ìgò tó ń fi omi àti afẹ́fẹ́ ṣe ajílẹ̀, ó sì bá aṣọ òfì lórí rẹ̀.

“Ìyá, ta ló daṣọ bò ó?”

“Èmi ni,” ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn nísàlẹ̀. “Ta ló ń gbé wúrà síta fáráyé wò?”

“Ẹ̀rún wúrà tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ ló wà nínú omi yẹn, Ìyá, òun ló mú un pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti febi pa á!”

Ó ká aṣọ, ó nu gíláàsì. Omi inú rẹ̀ pọ́n bíi sóbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí iná. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ajílẹ̀ tó ń sun jáde nínú ìgò ti kún korobá, ó sì bù ú sí ìdí àgbàdo.

Nígbà tí àgbàdo tutù yọ̀yọ̀, Ìyá gbé aṣọ òfì náà lé Dúróoríikẹ́ léjìká.

“Wúrà kọ aṣọ yìí. Ìwọ gbà á, ìyàwó mi.”