Bàálù Tó Kù Lókè

Kò sí ohun tó ń tu Adégbìtẹ́ nínú tó kó máa fi rìmóòtù darí bàálù kékeré rẹ̀, èyí tó ń lo bátìrì, lórí pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ kan tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó rẹ̀, bá a lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, Adégbìtẹ́ mú bàálù náà balẹ̀, ó sì yọ bátìrì rẹ̀.

Síbẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì kò dákẹ́. Ó ń kùn lókè bí oyin, ó ń yí po.

"Bàbá Mọyọ̀, ṣé ẹlòmíì tún wà níbí ni?"

Kó tó fèsì, ohùn ọkùnrin kan ké láti inú òfurufú, níbi tí ìró náà wà gan-an: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé bàálù mi wálẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú mọ́ mi."

Abọ́sẹ̀dé gbá a lápá mú. "Ẹ má dá a lóhùn o! Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ṣùgbọ́n ẹkún inú ohùn náà kò jẹ́ kí Adégbìtẹ́ lè kẹ̀yìn sí i. Ó gbé rìmóòtù, ó rọra ń dín agbára ẹ́ńjìnnì náà kù bí ẹni ń tẹ́ ìkókó sùn. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Táyà kékeré ha ojú ọ̀dà, ó yí díẹ̀, ó dúró. Wọn ò rí nǹkan kan.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ilẹ̀ ni ohùn náà wà báyìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn.