Balùwẹ̀ Ìyàwó

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Làbákẹ́ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọ balùwẹ̀ tuntun tó wà lẹ́yìn ilé Àlàájì Táòfíkì ní Muṣin. Ó tẹ́ àpò símẹ́ńtì òfìfo sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka táìlì. Dígí ni gbogbo wọn, aláwọ̀ ewé. Ìyá ìyàwó ló yàn wọ́n fúnra rẹ̀ ní ọjà Orílé.

Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí Làbákẹ́ ti ń lẹ táìlì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ìyá Táìlì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti pálọ̀ ilé Àlàájì dé ilé ìdáná, òun ló lẹ gbogbo táìlì ibẹ̀, ẹyọ kan ò sì tíì ṣí nínú wọn.

Àlàájì yọjú kó tó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ládìpọ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ṣé ó máa parí kó tó di Ọjọ́ Ẹtì?"

"Ó máa parí, Àlàájì."

"Mo lè pe ẹlòmíì o, tí ò bá rọrùn fún ẹ."

"Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo lẹ gbogbo ìyókù. Mi ò fẹ́ kẹ́nì kan wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Àlàájì wo bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé Husnah, ìyàwó Àlàájì, wọlé. Ìyá Husnah ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ilé. Táìlì ilé ọkọ ló gé ọmọ rẹ̀ àgbà lẹ́sẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́ náà. "Tí mo bá rí etí táìlì kan ṣoṣo tó rí jágajàga," ó ní, "ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi ò ní wọ ilé yìí lọ́jọ́ Ẹtì." Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìgbéyàwó tí wọ́n bá ti sún síwájú lẹ́ẹ̀kan lè má wáyé mọ́.

Dígí kì í gba ìkánjú. Làbákẹ́ máa ń kọ́kọ́ lẹ tépù mọ́ ojú ibi tó fẹ́ gé, á fi bírò fa ìlà lé e lórí, á wá tan máṣíìnì. Disíkì, irin róbótó tó ń gé e, á máa yí nínú omi, òun á máa ti táìlì wọlé díẹ̀díẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó já, á dẹwọ́, torí ìparí yẹn gan-an ni dígí ti máa ń fọ́ létí. Lẹ́yìn náà, á fi òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ pa etí rẹ̀ nínú omi títí á fi dán.

Bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn, bó ṣe ṣe é lọ́jọ́rú nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń rọra kí i kú iṣẹ́, ó ń dá wọn lóhùn. Inú rẹ̀ kò dùn, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Ara rẹ̀ ti kú sí gbogbo rẹ̀. Ìlà orí tépù nìkan ló ń rí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Fadilah, ọmọ Àlàájì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti ilé ìwé dé. Ó gbé omi tútù wá fún un, ó sì wo ògiri náà.

"Ó ti fáìn jù," ó ní, bíi pé ó ń bínú.

"Lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ẹ, kó o lọ kírun."

Fadilah ò lọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń ṣe é dáadáa tó báyìí?"

"Iṣẹ́ mi ni."

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ojú kan péré ló kù, ibi tí ẹ̀rọ omi ti yọ lára ògiri. Táìlì tó kù ò ju méjì lọ. Ó fi dírílì lu ihò sí èkíní. Nígbà tó gbé e sókè, etí ihò náà ti fọ́ díẹ̀, ó sì mú bí abẹ. Ó gbé e wọ ojú rẹ̀ láìtíì fi símẹ́ńtì sí i. Ó wọlé géérégé. Ibi tó fọ́ yẹn ni ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí omi máa kàn, Ìyá Husnah ò sì ní ṣàì rí i.

Làbákẹ́ di táìlì náà mú mọ́ ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Símẹ́ńtì tó ti pò sínú korobá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nígbà tó yá, ó yọ ọ́, ó jù ú sínú àpò pàǹtí, ó po símẹ́ńtì míì, ó sì mú èyí tó kẹ́yìn. Ó lò tó wákàtí kan lórí ihò kan ṣoṣo yẹn. Kò fọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Husnah dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Wọ́n kí Làbákẹ́, ó kí wọn. Ìyá Husnah wo ojú rẹ̀ dáadáa kó tó wo ògiri. Ó wá yọ ìborùn fẹ́lẹ́ tó wà léjìká rẹ̀, ó ń fà á kọjá létí táìlì kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ilẹ̀, ó ń wò ó bóyá òwú kan máa há. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rọ omi, ẹ̀ẹ̀mejì ló fà á. Àlàájì ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀. Òwú kankan ò há.

"Mi ò rí nǹkan kan," ó ní, bíi pé ó yà á lẹ́nu. "Ẹ máa retí wa lọ́la."

Àlàájì mí kanlẹ̀. Làbákẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Husnah bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú obìnrin tó lẹ táìlì náà, ó sì ní, "Ẹ ṣé gan-an, ìyáálé mi."