Aago tí Vincent Fi Ṣọ́ Ẹyìn

Vincent, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀: kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun kùnà. Bí rédíò tí ó tún ṣe bá tún dákẹ́, á ní ẹni tó ni ín ló fọwọ́ kàn án. Ìkọ̀yà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, Morìnsọ́lá, àbúrò bàbá wa obìnrin, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Yèyé ni gbogbo ilé ń pè é.

Yèyé ní ẹbu tirẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣe epo pupa. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé ọ̀lẹ, òfin ẹbu wa sì le: ẹni tó bá gbé ẹyìn kaná kò gbọdọ̀ dìde títí yóò fi jinná. Nínú àgbá ni wọ́n ti ń sè é fún ìdajì ọjọ́. Bí omi bá gbẹ, epo inú ẹyìn á gbiná. Ní ọdún 1967, ẹsẹ̀ Yèyé ti wú, èéfín sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá rí ẹni bá a jókòó ti iná, yóò ti ẹbu náà pa, kò sì fẹ́ máa retí oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Vincent bá ronú ọgbọ́n kan. Ó fi agolo sórí omi inú àgbá, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sì mú aago ẹnu ọ̀nà ilé òyìnbó kan tó ti kó lọ. Bí omi bá fà, agolo á sọ̀kalẹ̀, wáyà méjì á kan ara wọn, bátìrì tọ́ọ̀ṣì á sì mú kí aago dún. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dún, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí.

Mildred, àbúrò rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, ṣé ó ní imú tí á fi gbóòórùn ẹyìn tó bá ń jóná?"

Vincent ní, "Ìwọ ní imú, o sì máa ń sùn lọ nídìí iná. Yèyé, ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀rọ á máa ronú fún èèyàn. Èyí tí mo ṣe yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni."

Mildred kàn dáhùn pé ojú olójú kì í ṣe ojú ẹni, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀.

Òkìkí Vincent kàn. Àrìnkẹ́, obìnrin kan tó ń ṣe epo ní Àjàgbà, ránṣẹ́ pè é kí ó wá ṣe irú rẹ̀ fún òun, ó sì ṣe é fún un. Ṣùgbọ́n ogun ti bẹ̀rẹ̀, bátìrì tuntun sì wọ́n. Vincent ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe nígbà náà: ó sá bátìrì tó ti kú sórí páànù nínú oòrùn, ó sì ń fi wọ́n sínú aago méjèèjì. Bátìrì tí a bá sá báyìí a máa lágbára ní òwúrọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, yóò tún ti kú. Gbogbo ẹni tó ní rédíò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Vincent náà mọ̀.

Lọ́jọ́ kan ní Àjàgbà, omi gbẹ, aago kò dún. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Àrìnkẹ́ wà nítòsí tó gbóòórùn ẹyìn tó ń jóná. Ó wá bá Vincent ní Ìkọ̀yà, ó rọra sọ fún un. Vincent ní ọmọ Àrìnkẹ́ ló ti fa wáyà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ ọ́ síta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ti Vincent kò tó ọjọ́ mẹ́wàá.

Oṣù kẹta ọdún 1968 ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Yèyé gbé ẹyìn kaná láàárọ̀. Ó bi Vincent bóyá aago náà dá a lójú. Vincent fi wáyà méjèèjì kan ara wọn, aago sì dún kíkan.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ fúnra yín."

Ó lọ sí Òkìtìpupa láti ra òjé tí ó fi ń lẹ wáyà. Yèyé tẹ́ ẹní sábẹ́ òrùlé ẹbu, ó dùbúlẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tọ́ ló sọ fún un pé kí ó sùn. Omi gbẹ, aago kò dún, iná ran òrùlé koríko. Èéfín ni àwọn tó ń bọ̀ láti oko kọ́kọ́ rí. Wọ́n gbé Yèyé jáde. Ó kú ní ọjọ́ kẹta.

Àrìnkẹ́ wá kí wa kú ìdárò. Nígbà tó gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sọ ohun tó mọ̀. Bàbá Gbádégẹṣin, olórí ẹbí wa, pe Vincent síwájú.

"Ṣé obìnrin yìí sọ fún ọ?"

"Ó sọ fún mi, Bàbá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ìyá tó tọ́ ọ?"

"Mo rò pé mà á ti tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀."

Bàbá kò bú u. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí òkú tọ́ dàgbà ló ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè. Bàbá ní Vincent kò ní bu ú, kò sì ní dé ìdí sàréè náà láéláé. Mildred ló bu ú. Vincent dúró lókè ọ̀nà títí àwọn ará ìjọ fi parí orin. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó tún gbé rédíò wá fún un. Ó kó lọ sí Òde-Ìrèlè, ó ń bá wọn gbẹ́ gọ́tà. Mo pàdé rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A kí ara wa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé wa tó ń ka èyí, n kò ní kí ẹ kórìíra ẹ̀rọ. Aṣiṣe kọ́ ló pa Yèyé; aṣiṣe tí wọ́n fi pamọ́ ni. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti ní ẹ̀rọ tó ń ṣírò, wọ́n sì ní èyí tó ń ronú ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dé, ẹ má ṣe gbà á nítorí pé ó dún lójú yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi ẹni tó ṣe é pé ọjọ́ wo ló kùnà, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ti ń dáhùn. Ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé òun ti kú. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, òun ló dá iná.