Labalábá Alámì Aró

Láàárọ̀ Sátidé kẹta tí Morónkẹ́ bá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ labalábá jáde ni wọ́n rí àmì Hephzibah.

Ẹgbẹ́ náà ò ju ènìyàn méje lọ. Ẹ̀yìn Ìṣẹ̀rí-Olófin, létí àbàtà, ni wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n. Ẹni tó bá mú labalábá á kán kútẹ́ẹ̀sì bín-ín-tín sí i níyẹ̀ẹ́, á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì jẹ́ kó máa lọ. Àwọ̀ kálukú yàtọ̀. Àwọ̀ aró ni ti Hephzibah, ọmọ kan ṣoṣo tí Morónkẹ́ bí, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Morónkẹ́ kọ́kọ́ yọ sí wọn, ojú rẹ̀ ń wá kiri láàárín wọn. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí wọn, kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Hephzibah ńkọ́, Mà? Ọdún yìí la ò rí i mọ́."

Morónkẹ́ ní ọmọ náà ti kú, bó ṣe sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ l'Ẹ́gbẹ́dá. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́kún. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró tì wọ́n. Ó dúró. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: kó tún fojú kan ọmọ yẹn, bó ti wù kó rí.

Ó kọ́ṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Wọ́n ní bí labalábá bá bà, á pa ìyẹ́ pọ̀ sókè; àfòpiná ní tiẹ̀ á tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Wàsílátù, télọ̀ ará Ìgándò, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú àwọ̀n dání. "Ìyá Hephzibah," ni wọ́n ń pè é, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pè é bẹ́ẹ̀ ló máa ń wolẹ̀.

Sátidé tí mò ń wí yìí, Wàsílátù yẹ àwọ̀n rẹ̀ wò, ó figbe ta.

"Yéè! Ẹ wá wo nǹkan!"

Labalábá ofeefee ni. Kútẹ́ẹ̀sì aró wà nídìí ìyẹ́ òsì rẹ̀, ó ṣì ń dán.

Oyèníran yọ awò ojú rẹ̀. "Irú èyí kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láyé. A jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n kán an sí i."

"Bóyá ẹlòmíì ló ra àwọ̀ yẹn," Morónkẹ́ ní.

"Rárá o, ọwọ́ ẹ̀ ni," Oyèníran ní. " Ibẹ̀ yẹn náà ló máa ń kán an sí."

"Báwo ló ṣe lè fò jìnnà tó?"

"Kò jìnnà, Mà. Àyíká yìí náà ni."

"Àkúdàáyà!" Wàsílátù rọra wí. "Ó ti kú tán, ó wá ń gbé nítòsí wa bí alààyè. Níbo lẹ sin ín sí ná?"

"Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀."

Wàsílátù fọwọ́ bo ẹnu, ó ní kó má bínú jàre.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, oúnjẹ ò wọ Morónkẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí Sátidé pé, ó ṣíwájú gbogbo wọn gba etí àbàtà lọ sápá ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun. Wọ́n rí alámì aró kan. Wọ́n rí méjì sí i.

Igbó mì níwájú. Ọmọbìnrin kan jáde síta nínú gáùn tó ti ṣá, àwọ̀n lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn tó ti yọ síta. Ojú Hephzibah gan-an ni.

"Àkúdàáyà o! Ẹ gbà wá o!" Wàsílátù ti sá kó tó parí ọ̀rọ̀. Oyèníran ju ìwé nù, ó ki eré mọ́lẹ̀ tàgbàtàgbà. Àwọ̀n wọn wà káàkiri nílẹ̀.

Morónkẹ́ nìkan ni kò sá. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ níwájú ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ lé jáde nílé toyún-toyún lóṣù Ṣẹ́rẹ́, tí òun sì lọ ń sọ fún gbogbo ayé pé ó ti kú.