Àwòrán Tí Kò Tíì Gbẹ

Àwòrán Màmá ṣì tutù nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní kí ayàwòrán fi fáníìṣì sí i.

"Fáníìṣì kẹ̀?" Ayàwòrán gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Ọ̀gá, ọ̀dà olóròóró ni mo lò o. Ó kéré tán, ọdún kan ló yẹ kó fi gbẹ. Tá a bá fi í sí i báyìí, á sán wẹ́wẹ́ ni!"

"Ẹ ṣáà fi sí i. A ò ní ọdún kan."

Màmá wà lórí àga rẹ̀ ní igun yàrá, ó dijú bí ẹni tó sùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Opó ayàwòrán ni. Ogójì ọdún ló fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá òkè yìí, kò sì nílò kí olùkọ́ òyìnbó kankan túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. "Fáníìṣì kì í ṣe ọ̀dà," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. "Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tó gbẹ dénú, là ń fi í sí i, kó lè máa dán, kí eruku má bà á jẹ́." Oníbàárà tó bá ní kó tètè fi í sí i, èébú ni yóò fi sìn ín dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà. Baba oníbàtà kan ni, tí dókítà ti sọ pé kò lè lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àwòrán òun kó máa dán. Ọmọ Màmá yìí gan-an ló di ìgò fáníìṣì mú fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ náà mú Màmá lọ gba èsì àyẹ̀wò ara rẹ̀ ní ọsibítù. Ọmọ nìkan ló wọlé tọ dókítà. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ó sì ra ọsàn fún un. Láti ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀, tí ìkíni kì í yá lẹ́nu rẹ̀, ti ń gbé omi gbígbóná wá fún un láràárọ̀.

Màmá kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó sunkún, nítorí ayé ṣì ń wù ú, ó sì nu ojú rẹ̀ nù. Àwáyé-màá-kú kò sí.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ilé náà sórúkọ òun, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti fèsì pé, "Ó di ìgbà tí mo bá ń kú lọ." Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ibẹ̀ lòun náà fẹ́ kú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè é. "Gbé ìwé ilé wá kí n fọwọ́ sí i."

"Màmá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ máa pẹ́ fún wa."

"Má tàn mí, ọmọ mi. Mo ti mọ̀."

Omijé lé ròrò sójú ọmọ. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ìwé náà sì wà níbẹ̀, wọ́n ti fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí yóò fọwọ́ sí.

"Má ṣáà jẹ́ kí n kú síbòmíràn o."

"Ká má rí i, Màmá."

Ó fọwọ́ sí i, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó tilẹ̀ ní kí ayàwòrán máa gbé igi tí ọkọ òun fi ń gbé àwòrán dúró lọ, nítorí ayàwòrán náà nìkan ló láyà láti bá ọmọ òun jiyàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló rọra lọ sójú fèrèsé láti juwọ́ sí i.

Nísàlẹ̀, lẹ́nu géètì, ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ padà sí i, ó sì sọ fún ayàwòrán ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jiyàn fáníìṣì yẹn sókè létí Màmá bí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe, dókítà ní ó ṣì lè lo ogún ọdún sí i, Mọ́ńdè sì làwọn tó ra ilé ń kó wọlé."