Wákàtí Kan Tí Òfin Fún Àlejò

Lọ́jọ́ Ìsinmi Àwọn Àlejò, Afi, tí òkun gbé ìlú rẹ̀ lọ, ni wọ́n ní kó gbé búrẹ́dì ọrẹ lọ síbi pẹpẹ. Fadá dì mọ́ ọn.

"Kò sí àlejò nínú ilé Ọlọ́run!"

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́.

Afi ṣẹ̀ṣẹ̀ tò láti gba Ara Olúwa ni ẹ̀gbà tí ìjọba fi sí i lọ́wọ́ láti máa ka wákàtí rẹ̀ tàn pupa yòò. Linúsì, aṣọ́nà ìjọ, rọra mú un lápá.

"Ẹ má bínú, màmá. Wákàtí yín ti pé."

"Ó ku èèyàn méjì péré kó kàn mí, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà mọ òfin."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ilẹ̀kùn ò ṣí fún un. Ìbéèrè kan ló yọ lára ilẹ̀kùn náà: ṣé a gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀? Afi wá "Rárá" títí. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí.