Sikirínì Ọwọ́ Màmá

Akọ̀wé kan yọ sikirínì ńlá kúrò lára ẹ̀rọ ìkàwé rẹ̀, ó gbé e lé màmá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ máa fi èyí ka ìtàn yín, mà. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi."

"O ṣé, ọkọ mi. Wáyà rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò nílò wáyà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ mi."

Ó de sikirínì kékeré mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn pé ọmọ gidi lòun.

Lọ́sàn-án, ó ń fi ẹ̀rọ náà kàwé lórí tábìlì rẹ̀, ó ń fàlà sídìí ibi tó wù ú.

Nígbà tó délé, màmá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Àpò aṣọ wọn ti kún fọ́fọ́.

"Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

Wọ́n na sikirínì sí i.

Ó ti gbàgbé pé ohun tóun bá ṣí níbi iṣẹ́ ni màmá náà máa rí lójú sikirínì ọwọ́ wọn.

Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni "Àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó." Ìlà tó fà wà níbẹ̀, àti ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Màmá ò tíì gbọ́dọ̀ mọ̀."

Ojú tì í débi pé ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu.

"Gbójú sókè, ọkọ mi. Èyí tí o fàlà sí yẹn, wọn kì í gbàlejò lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ yẹn nìkan lo sì máa ń ráyè. Mú mi lọ sí èkejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí n lè máa rí ọ."